Ìròyìn Tí Mo Kọ Nípa Alhaji

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé, àmọ́ ọjọ́ náà ò gbàgbé mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi àpò ìwé kan lé aládùúgbò mi lọ́wọ́ ní Peckham níbí, mo sì sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ mi. Àpò ìwé yẹn kọ́ ló yẹ kí n fún wọn. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ojú fi ń tì mí títí dòní, ó yẹ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Tí wọ́n bá kí wa lọ́nà, òun á dáhùn, èmi á mi orí. Òun ni olórí àwọn ajíhìnrere ní ìjọ wa. Ó lè dúró ní Rye Lane láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó máa pín ìwé àṣàrò kúkúrú fún ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún báyìí tó ti kú. Ìwé àṣàrò kúkúrú rẹ̀ ṣì kún inú páálí méjì lábẹ́ ibùsùn mi.

Alhaji àti Alhaja ló ń gbé ní fúláàtì tó kan tèmi, lórí àjà kẹta. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Tíṣà ni Alhaji kí wọ́n tó wá sí ìlú yìí, wọ́n sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi, Alhaji wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, wọ́n sì dúró títí a fi parí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Alhaja ti ń bu ọbẹ̀ sínú ike áísìkiriìmù, tí wọ́n á fi sínú ọ̀rá, tí wọ́n á gbé e kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Màá jẹ ọbẹ̀, màá fọ ike, màá gbé e kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tiwọn, màá sì yára padà sílé kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Fún ọdún mẹ́rin, n kò kan ilẹ̀kùn yẹn rí. Kì í ṣe ìgbéraga. Tí wọ́n bá ṣí i, kí ni mo fẹ́ sọ?

Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ wa pè mí. Ó ní àyè ìyàwó mi ṣì ṣófo. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìjíhìnrere láyé òde òní, nílùú tí oríṣiríṣi ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ti ń gbé pọ̀. Mo ní, "Pásítọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà." Ó ní, "Àwọn apẹja tí Jésù pè, mélòó nínú wọn ló ka méje?" Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ní ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mo máa ń kọ iṣẹ́ mi ní Yorùbá, Tóyìn ọmọ mi tó ń gbé ní Catford á wá bá mi sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè ni a ń pàdé, ní òkè ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin ará Jamaica, Sista Bailey. Ó ní ariwo kọ́ ni ìjíhìnrere, pé ẹni tí kò bá tíì gbọ́ kò ní ohun tó máa sọ. Iṣẹ́ tó fún wa ni pé kí oníkálukú lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kan tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. "Ẹ jókòó. Ẹ gbọ́. Ẹ má wàásù. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìròyìn." Ó wá na ìka sókè. "Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni náà pé iṣẹ́ ilé ìwé ni. Kí ẹ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo tiẹ̀ fa ìlà sí i nídìí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ bá mi wò ó. Àgbàlagbà tó ti ń bọ́ ọ láti ọdún mẹ́rin, wàá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí o ní, "Ẹ kú ilé sà, mo fẹ́ fi yín ṣe iṣẹ́ ilé ìwé"? Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní màá sọ ọ́ tí mo bá jókòó tán. Nígbà tí mo jókòó tán, mo ní màá sọ ọ́ tí mo bá jẹun tán. Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n lè rí i pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, mo dé fìlà funfun pélébé kan tí mo lọ rà ní Rye Lane. N kò ní in lọ́kàn láti wàásù. Síbẹ̀, mo kó ìwé àṣàrò kúkúrú díẹ̀ sí àpò àyà, bóyá ọ̀nà á là.

Alhaja ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá iná ló ń jó. "Bàbá Tóyìn? Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Mo ní kí n yà kí yín ni, mà."

Wọ́n yíjú sínú ilé. "Alhaji, ẹ wá wo ẹni tó kanlẹ̀kùn."

Alhaji jáde, omi àlùwàlá ṣì ń kán lápá wọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. "O káàbọ̀, Bàbá Tóyìn. O káàbọ̀. Ọlọ́hun ṣeun." Mo rí ojú wọn. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ ọ́.

Wọ́n ní àlejò. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ẹgbẹ́ àsàlátù wọn ló wà ní pálọ̀, ìrun Alásárì sì ti tó. Alhaji ló ń ṣe lèmọ́mù, wọ́n ti lọ síwájú, wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bojú wẹ̀yìn, ó rí aṣọ funfun, ó rí fìlà funfun. Ó na ọwọ́ sí mi. "Bàbá, ẹ bọ́ síbí. Ìlà ò tíì kún."

Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Kí n tó rí èyí tí màá sọ, mo ti wà láàárín òun àti ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ba, mo tẹ̀ ba. Wọ́n dìde, mo dìde. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń fi ẹsẹ̀ kan kẹ́yìn bí ẹni tó ń kọ́ ijó. Nígbà tí wọ́n fi iwájú orí kanlẹ̀, èmi náà lọ sílẹ̀, gbogbo ìwé tó wà ní àpò àyà mi sì dà sórí ẹní. Orúnkún mi òsì, tó máa ń dá mi lóró nígbà òtútù, bá kọ̀ láti nà. Àwọn yòókù dìde, èmi ò dìde mọ́.

Ní ìparí ìrun, wọ́n yíjú sí ọ̀tún, wọ́n yíjú sí òsì. Ojú awakọ̀ bọ́ọ̀sì balẹ̀ sórí ìwé kan tí wọ́n kọ *Ṣé Ìwọ Ti Ṣe Tán?* sí lára. Ó kà á. Ó wo fìlà mi. Ó tún un kà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, orúnkún mi ni."

Alhaji yí padà. "Bàbá Tóyìn, kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Wọ́n ní ìlà ò tíì kún ni, sà."

Ẹ̀rín bẹ́ nínú ilé náà títí awakọ̀ bọ́ọ̀sì fi ń fi ọwọ́ nu ojú. Alhaji fà mí dìde. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣa ìwé náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n to etí wọn pọ̀ bí tíṣà ṣe ń to ìwé, wọ́n fi wọ́n padà sí àpò mi. "Ìwé rẹ rèé. Ní ti ìrun yìí, Ọlọ́hun nìkan ló mọ ibi tó máa kọ ọ́ sí." Alhaja ti ń gbé iyán bọ̀.

Nígbà kejì tí mo lọ, mo sọ díẹ̀. Mo ní mo ń lọ sílé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Inú Alhaji dùn ju ti pásítọ̀ lọ. "O ń lọ sílé ìwé? Ìwọ? Ohunkóhun tí o bá kọ, máa mú un wá kí n bá ọ wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìwé tí màá máàkì." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú pẹ́ńsù kan jáde, wọ́n fi sí ẹ̀yìn etí. N kò sọ irú ohun tí mo ń kọ fún wọn. Mo mú àkọsílẹ̀ mi lórí bí àwọn míṣọ́nnárì ṣe dé ilẹ̀ wa nígbà àtijọ́ wá, wọ́n bá mi tún un ṣe, wọ́n tiẹ̀ bá àwọn míṣọ́nnárì náà kẹ́dùn nítorí ẹ̀fọn.

Àmọ́ iṣẹ́ Sista Bailey ṣì wà níbẹ̀, n kò sì lè rántí ohun tí mo bá gbọ́ di ilé. Mo wá fi ìwé kékeré kan sí àpò. Tí Alhaji bá sọ ohun tó nítumọ̀, màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, màá lọ kọ ọ́ níbẹ̀. Alhaji sì máa ń sọ ohun tó nítumọ̀ gan-an. Ní ọjọ́ kẹta, Alhaja dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé, Bàbá Tóyìn. Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ó ti ń pẹ́ díẹ̀.

Wọ́n bọ ewé kan fún mi, ó korò bí nǹkan míì. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Lọ́jọ́ yẹn, mo lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní tòótọ́, n kò sì rí àyè kọ nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tóyìn ti pè mí láti Catford. "Daddy, Alhaja call mi o. Wọ́n ní ẹ kàn ń lọ toilet every five minutes. Why ẹ ò sọ fún mi? Mo ti book GP fún yín." Bí mo ṣe gbé ìgò ìtọ̀ kékeré lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà nìyẹn. Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní láti ìgbà tí mo ti ń lọ kí aládùúgbò mi ni. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ nǹkan sílẹ̀. Wọn ò rí àìsàn kankan. Alhaja ní, "Alhamdulilahi, ewé yẹn ló ṣiṣẹ́."

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ibi tí ẹ̀rín parí sí nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin, Alhaja ò sí nílé. Alhaji àti èmi jókòó, tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa. Wọ́n wá sọ fún mi nípa àbígbẹ̀yìn wọn, ọkùnrin kan tó ń gbé ní ìlú mìíràn. Wọ́n ní àwọn àti ọmọ náà ti ní gbólóhùn asọ̀ lórí ẹ̀sìn, pé kò pe àwọn mọ́, pé ní gbogbo ọdún Iléyá, àwọn máa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní, "Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kan rí nínú ilé yìí. Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé yóò dúró lọ́dọ̀ rẹ."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn, nítorí náà mo lọ wo ìwé tí ìyàwó mi fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìjọ, mo fa ìlà bó ṣe fà á. Orúkọ. Ìlú. Ọmọ. Irú ilẹ̀ tí irúgbìn bọ́ sí. Ibi tí a lè gbà wọlé. Ní iwájú irú ilẹ̀, mo kọ *ilẹ̀ olókùúta*. Ní iwájú ibi tí a lè gbà wọlé, mo kọ *ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kì í pè é, ó ń dùn ún gan-an*. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé mo gbìyànjú. Mo fi í sínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan, mo gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ mìíràn tí ìparí ọ̀rọ̀ àwọn míṣọ́nnárì wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ń sọ wá dé. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan lápá Lewisham, ọ̀sán ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti pẹ́. Mo kó àpò ìwé méjèèjì, mo pàdé Alhaji ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agbádá wọn, mo fi ọ̀kan lé wọn lọ́wọ́. "Ìparí rẹ̀ nìyẹn, sà." Wọ́n ní, "Kó o tó dé láti ibi iṣẹ́, màá ti máàkì rẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣí èyí tó kù lọ́wọ́ mi, kí n tún ka ìròyìn mi kí n tó fi ránṣẹ́ sí Tóyìn. Àwọn míṣọ́nnárì àti ẹ̀fọn wọn ni mo rí.

Mo tẹ bẹ́ẹ̀lì títí awakọ̀ fi bú mi. Mo bọ́ sílẹ̀, mo sọdá, mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń padà bọ̀, mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta nítorí lífìtì ti bàjẹ́. Alhaja ní, "Wọ́n ti lọ kírun o. Wọ́n mú ìwé yín dání, wọ́n ní àwọn á kà á kí wáàsí tó bẹ̀rẹ̀." Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, orúnkún mi ti wú. Bàtà kún ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Mo dúró láàárín bàtà, n kò mọ̀ bóyá kí n bọ́ tèmi.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fà mí sí ìlà ìrun lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀rín ti kún ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ tún ti dé? Ẹ wọlé, ìlà ò tíì kún."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ibi tí mo dúró, mo rí Alhaji nínú lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ òpó kan. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n gbé ìwé mi sórí itan, pẹ́ńsù ń rìn lórí rẹ̀. Mo ń wo pẹ́ńsù náà. Ó rìn, ó rìn, ó wá dúró. Ó pẹ́ níbi tó dúró sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n bọ́ jígí, wọ́n sì ń wo iwájú.

Mo yí padà lọ síbi iṣẹ́. Mo pẹ́ débẹ̀, wọ́n bá mi wí, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, àpò ìwé náà gba ihò lẹ́tà wọlé. Wọ́n ti máàkì rẹ̀ lóòótọ́. Níbi tí mo kọ Ìwó sí, wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ *Ìsẹ́yìn*. Níbi tí mo kọ ọmọ méjì, wọ́n kọ *mẹ́ta*. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ olókùúta, wọ́n kọ *Ẹ ti jẹun lórí òkúta yìí fún ọdún mẹ́rin*. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a lè gbà wọlé, wọn ò kọ nǹkan kan. Ẹnu pẹ́ńsù ti lu ìwé níbẹ̀, ó fi ojú ihò kan sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀: *Mẹ́jọ nínú ogún. Ẹ kò sọ fún ẹni tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀.*

Wọ́n ti ń pè mí ní "ẹ".

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ilẹ̀kùn mi ṣófo. A pàdé nídìí lífìtì. Alhaji ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Àgbà tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ ló pè mí ní sà. Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sista Bailey lẹ́yìn kíláàsì. Mo ní n kò ní fi ìròyìn náà lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ni ìròyìn. Lọ kọ ọ́." Ó tún na ìka sókè. "Àmọ́ lọ gbàyè."

Ẹ mọ bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa. Ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá lọ, ó máa ń rán ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa tà létí àgbà. Ẹni tí ǹ bá rán wà nínú ilẹ̀. Tóyìn ní, "Daddy, kí n bá yín bẹ̀ wọ́n?" Mo ní rárá. Mo kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí Alhaji ṣí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orí mi kan ẹsẹ̀ wọn.

Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, mo sọ fún Alhaja pé Bàbá Tóyìn ti padà sáàárín èèyàn. Mo rò pé èmi lẹ wá kí."

"Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni iṣẹ́ ilé ìwé, sà. Àwọn ìyókù..."

"Ẹ kọ ọ́ pé ibi tí ẹ lè gbà wọlé ni. Bẹ́ẹ̀, inú ilé lẹ wà."

Mo wá sọ ohun tí Sista Bailey wí, mo ní mo fẹ́ gbàyè láti kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní, "Rárá."

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Ẹnì kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ní "sorry", ó yí i gba orí ẹsẹ̀ mi. Alhaji ní, "Dìde."

"Mi ò lè dìde, sà. Orúnkún yẹn ni."

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín Alhaja láti inú ilé ìdáná. Alhaji ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n na ọwọ́ sí mi. Nígbà tí wọ́n ń fà mí, wọ́n ní, "Kì í ṣe pé mo ti gbàgbé o. Ojú ọ̀nà lo dí." Mo gbọ́ "lo" yẹn, mo sì dì í mú ju ọwọ́ wọn lọ.

Mo parí ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ àyè kan ṣófo nínú èsì mi, níbi tí máàkì ìròyìn yẹn ì bá wà. N kò bẹ Sista Bailey, òun náà ò sì bínú. Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Gbígbọ́ tí ó ní kí a máa gbọ́ yẹn, mo ti fi í ṣe ọ̀nà láti mú nǹkan. Ẹni tí mo ń wá bí mo ṣe máa wọ ọkàn rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi láti ọdún mẹ́rin, ike ọbẹ̀ ni mo ń gbé kọ́ ọ, tí mo sì ń sá lọ.

Ẹ lè bi mí bóyá mo gbàyè kí n tó kọ èyí. Mo gbà á. Ó tó ọdún kan kí n tó tún béèrè. Alhaji ní kí n mú un wá kí àwọn kọ́kọ́ kà á, pẹ́ńsù sì wà ní ẹ̀yìn etí wọn. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, kí n sì yí ọ̀rọ̀ ọmọ wọn padà, mo sì yí i padà. Ohun tí ẹ kà lókè kọ́ ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kẹrin yẹn. Èyí tí wọ́n sọ gan-an wà lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ló máa wà. Wọ́n fún mi ní mẹ́tàlá nínú ogún. Mo ní kí ló dé tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "O ò kọ ọ́ pé iyán Alhaja dára."

Iyán Alhaja dára.

Ike ọbẹ̀ ti padà sí ọwọ́ ilẹ̀kùn mi. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo máa ń kanlẹ̀kùn, mo máa ń wọlé, mo sì máa ń jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí Alhaji bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kan, ojú wọn á lọ sí àpò àyà mi, wọ́n á sì yí i sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, kí n tó jáde nílé, mo máa ń yọ báírò kúrò ní àpò, mo máa ń fi í sórí tábìlì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbàgbé. Mo rántí nígbà tí mo ti kanlẹ̀kùn tán. Alhaja ṣí i, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti fi báírò pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, tí orúnkún sì ti há.